Freightliner 1999, Detroit Series 60: láptọ́ọ̀pù ò rí bréènì ọkọ̀ rárá, ẹ gbà mí o

OmoAlhaji_Gambari

Àsàlámù àlékúmù ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú ooru o. Ọ̀rọ̀ tírélà bàbá mi ló gbé mi dé bí, ó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tó ti wà lójú kan ní Ẹyẹńkọrin, àgbàdo tó yẹ kó gbé lọ Ìbàdàn ti wà nínú àpò ní Bódè Sáàdú, ẹni tó ni ín sì ń pè mí láràárọ̀ bí ẹni ń pe ìrun.

Freightliner ni, ọdún 1999, ẹ́ńjìnnì Detroit Series 60 lítà 12.7, bréènì ẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, DDEC IV ni, tòkúnbọ̀ Amẹ́ríkà. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tó bá dúró lójú kan, mẹ́káníìkì wa tẹ́tí sí i títí, ó ní nọ́sù tó ń tú dísù sínú ẹ́ńjìnnì, ìkejì àti ìkarùn-ún, ti rẹ̀, ó yọ méjèèjì ó fi òmíì sí i, síbẹ̀ ó ń gbọ̀n, ló bá ní nọ́ńbà onídíjíìtì méjì kan wà lórí nọ́sù kọ̀ọ̀kan, pé láptọ́ọ̀pù la fi ń kọ nọ́ńbà yẹn sínú bréènì kí bréènì tó lè mọ bó ṣe máa fún un ní dísù. Ó wá wò mí lójú. Torí pé mo kàwé kọ̀ǹpútà, ohun tó bá ti ní iná tó ń tàn lójú ẹ̀, èmi ni wọ́n máa ń wò lójú nílé wa, títí dórí mítà NEPA.

Mo kọ́kọ́ mú ẹ̀rọ Bluetooth kékeré tí mo fi ń yẹ Corolla wò lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo wá sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀ títí, roboto oníhò mẹ́fà ni mo bá lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo wá lọ ra adáptà tírélà, ohun tó ń so láptọ́ọ̀pù mọ́ bréènì ọkọ̀, ará Ṣáínà ló ṣe é tó fi jọ ti Nexiq, mo ra kébù oníhò mẹ́fà mọ́ ọn, mo fi DDDL, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ka bréènì Detroit, sórí láptọ́ọ̀pù mi, Windows 10 ni. Mo ki adáptà bọ ara ọkọ̀, mo yí kí, mi ò jí ẹ́ńjìnnì, mo tẹ connect, ó yí yí yí, ó ní òun ò rí nǹkankan. Mo ti ṣe é tó ogún ìgbà. Mo jí ọkọ̀ náà, ó jí dáadáa àfi gbígbọ̀n tó ń gbọ̀n, mo tún tẹ connect, ibi pẹlẹbẹ náà la tún wà.

Ẹnì kan tó ń ta pátì wá yọjú, kò ṣí nǹkankan wò, ó ní bréènì ti jóná, pé òun ní ọ̀kan nílé. Iye tó pè é, mi ò tíì rí ẹnu sọ ọ́ létí Alhaji. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ṣé kí n rà á àbí kí ni ká ṣe?

Baba_Rewaya_AsaDam

Wàálékúmù sàlámù ọmọ mi. Má ra nǹkankan. Fi owó Alhaji sílẹ̀ nínú àpò Alhaji.

Bréènì tó jóná kì í jí ẹ́ńjìnnì yẹn. Kì í ṣe Mercedes 911 ayé ìgbà tiwa, tó jẹ́ pé pọ́ǹpù ló ń ti dísù lọ fúnra ẹ̀, ẹ lè yọ bátìrì kúrò lẹ́yìn tó bá ti jí, á ṣì máa lọ. Series 60 tó ní DDEC, bréènì ló ń pàṣẹ fún nọ́sù kọ̀ọ̀kan pé ṣí báyìí, pé dé báyìí. Bréènì bá kú, wẹ́ wẹ́ wẹ́ lásán ni kíkì á máa ṣe, kò ní jí láéláé. Ìwọ fúnra ẹ lo sì kọ ọ́ síbí pé ó jí dáadáa. Ẹni tó ń ta bréènì yẹn, ọjà ẹ̀ ló ń tà, mi ò bú u.

Wò ó, o pe èèyàn lórí fóònù, kò gbé e. O ò tíì mọ̀ bóyá fóònù tìẹ ni ò ní owó, àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ò sí, àbí ẹni yẹn ló sùn, o ti fẹ́ lọ ra èèyàn míì.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi ẹ́ nìyí: nígbà tó o ki adáptà bọ ara ọkọ̀, ṣé iná tàn lára ẹ̀? O ò sọ ọ́. Ara ọkọ̀ ni adáptà yẹn ti ń mu iná, kì í ṣe ara láptọ́ọ̀pù. Gbé mítà. Àwọn ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹn ní lẹ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kéré, mú tọ́ọ̀ṣì dání. C ni pọ́sítíìfù bátìrì, E ni négétíìfù, A àti B ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé e bọ̀. Fi mítà sí C àti E, ohun tó bá wà nínú bátìrì ló yẹ kó o rí, 12 àti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó o bá rí òdo, fíùsì ẹ̀ ti já. Fíùsì sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn yàtọ̀ sí ti bréènì, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọkọ̀ lè jí dáadáa kí adáptà sì kú fin-ín-fin-ín.

Lẹ́yìn ìyẹn, bi bréènì fúnra ẹ̀ léèrè, láìsí láptọ́ọ̀pù rárá. Yí kí, má jí i, tẹ súìṣì tí wọ́n fi ń bi í, ọkọ̀ míì ó dá dúró, ọkọ̀ míì súìṣì cruise control ni wọ́n fi ń ṣe é. Iná pupa àti yẹ́lò tó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú sí ẹ, kí o máa kà á. Tó bá ṣẹ́ méjì, tó sinmi, tó tún ṣẹ́ márùn-ún, 25 nìyẹn, ó ní ara òun le, òun ò ní ẹjọ́ kankan. Èyí tí pupa bá kà, àìsàn tó wà lára ẹ̀ báyìí ni. Ti yẹ́lò, èyí tó ti ṣe é rí tó kọ sílẹ̀ ni. Bó bá ti lè ṣẹ́jú sí ẹ, ẹ lọ sọ fún oníbréènì kó gbé bréènì ẹ̀ padà sílé.

Má sì ki ẹnu mítà bọ inú ihò yẹn tagbáratagbára o. Tí ihò bá ti ya ẹnu, kì í di píìnì mú mọ́, wàá kàn máa rí i tí adáptà á máa tàn á máa kú. Mo ti fi ọjọ́ méjì gbáko wá irú ẹ̀ rí, èmi náà sì ni mo fọwọ́ ara mi dá a sílẹ̀.

Direba_Jeba

Ẹ wọn 60 ohm o! Ẹ pa kí, ẹ fi mítà sáàárín wáyà ọ̀rọ̀ méjèèjì, tí ò bá ti jẹ́ 60, wáyà ti já níbì kan. Bí wọ́n ṣe rí ti ọ̀gá mi nìyẹn, Freightliner náà ni.

Kompo_Offa

Ẹ̀gbọ́n Jẹ́bà ẹ ò purọ́, àmọ́ ọkọ̀ ọ̀gá yín kéré sí tiẹ̀ lọ́jọ́ orí. 60 yẹn, ti J1939 ni, ọ̀nà tí bréènì ọkọ̀ tuntun fi ń sọ̀rọ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́sàn-án, wọ́n máa ń fi 120 ohm sí orí wáyà àti ìdí wáyà, méjèèjì bá pàdé ló ń di 60. Oníhò mẹ́fà ti 1999 yìí, J1708 ni bréènì ẹ̀ fi ń bá láptọ́ọ̀pù sọ̀rọ̀, kò sí 120 kankan lórí ìyẹn, ẹni tó bá ń wá 60 níbẹ̀ máa gé wáyà tí ò ṣẹ̀ ẹ́. J1708 ti wà láti nǹkan bí ọdún 1980 sókè, 9600 bíìtì láàárín sẹ́kọ́ńdì kan ni gbogbo eré tó lè sá, J1939 tó dé lẹ́yìn ẹ̀ ń sá 250,000. Bàbá arúgbó ni, kì í kánjú, èdè kan ṣoṣo ló sì gbọ́. Ìdí nìyẹn tí Bluetooth Corolla yẹn ò fi lè wúlò, ká tiẹ̀ sọ pé o rí ibi kì í bọ̀, kò gbọ́ J1708.

Ọmọ Alhaji, ṣe ohun tí Bàbá Rewaya sọ lákọ̀ọ́kọ́, torí tí iná ò bá dé adáptà, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí asán ni. Tí iná bá wá tàn tí ò sì tíì dáhùn, DDDL èwo lo fi síbẹ̀? Tó bá jẹ́ 8, yọ ọ́ dànù, ọkọ̀ tuntun ni wọ́n ṣe ìyẹn fún, kò dá DDEC IV mọ̀ rárá, á máa wò ó bí àlejò. 6 ni kó o wá.

Ìkejì, dírẹ́bà adáptà. Dírẹ́bà inú kọ̀ǹpútà ni mò ń wí o, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n Jẹ́bà. Ṣí Device Manager nígbà tí adáptà wà lára ọkọ̀ tí iná ẹ̀ tàn, tó o bá rí àmì yẹ́lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀, Windows ò gbà á wọlé nìyẹn. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní àdéhùn kan láàárín ara wọn tó ń jẹ́ RP1210, kí adáptà ilé iṣẹ́ yìí lè bá sọ́fítíwíà ilé iṣẹ́ yẹn ṣiṣẹ́. Fáìlì kan wà nínú fódà Windows tó ń jẹ́ RP121032.ini, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ orúkọ gbogbo adáptà sí. Tó o bá ti fi mẹ́ta mẹ́rin síbẹ̀ rí tó o yọ wọ́n, orúkọ wọn lè ṣì wà níbẹ̀, DDDL á máa pe ẹni tó ti kó kúrò nílé. Wọ inú DDDL níbi tí wọ́n ti ń yan adáptà, yan tìẹ gan-an, yan J1708.

Èmi o, láptọ́ọ̀pù àlòkù kan tó ní Windows 7, 32-bit, ni mo yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Mi ò so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò fi gbọ́ wáàsí, mi ò jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kàn án. Àwọn adáptà Ṣáínà yìí kì í bá Windows 10 rẹ́ dáadáa, ó lè ṣiṣẹ́ lónìí kó dákẹ́ lọ́la.

Ohun tó sì yá jù lọ: gbé láptọ́ọ̀pù àti adáptà ẹ lọ sórí Freightliner ẹlòmíì tí ò ṣe nǹkankan. Ní Ẹyẹńkọrin, ṣé wọ́n wọ́n ni? Tó bá dáhùn lọ́hùn-ún tí ò dáhùn nílé, ara ọkọ̀ yín ni ká máa wò.

Iya_Alagbado

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo dá sí ọ̀rọ̀ yín. Freightliner wo ló ń gbé àgbàdo láti Bódè Sáàdú lọ Ìbàdàn tó wà ní Ẹyẹńkọrin? Ṣé kì í ṣe àgbàdo tèmi lẹ ń sọ yìí? Ọmọ Alhaji, ìwọ lo ní lọ́la, tó o tún ní lọ́la, mo wá rí i pé o wà níbí tó ò ń bi wọ́n léèrè bóyá iná tàn. Èmi ò mọ J kankan o, èmi mọ̀ pé òjò ti ṣú.

OmoAlhaji_Gambari

Ìyá mi ẹ dákun, ẹ fi orí jì mí, mi ò mọ̀ pé ẹ máa ń wọ ibí.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo ti dé láti ibẹ̀. Iná ò tàn lára adáptà lóòótọ́, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kó tàn. C àti E: òdo. A wá fíùsì títí, àfìgbà tí mọ́tò bọ́ọ̀yì wa fi tọ́ọ̀ṣì wá a rí, ó ti já. Mo fi òmíràn sí i, iná tàn gbòò, inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò. Mítà fi 11.3 hàn mí níbẹ̀.

Mo wá bi bréènì bí Bàbá ṣe wí. Iná pupa ṣẹ́ mẹ́rin, ó sinmi, ó ṣẹ́ mẹ́fà. 46. Ó kà á fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, 46 náà ni. Kí ló ń sọ?

Mo lọ yá láptọ́ọ̀pù Windows 7 lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, mo fi DDDL 6 sí i, mo yan J1708, kò dáhùn. Mo bẹ bàbá kan tó gbé Freightliner 2000 síbẹ̀, ó kọ́kọ́ ní mo fẹ́ jí nǹkan nínú ọkọ̀ òun, nígbà tó yá ó gbà. Mo kì í bọ̀ ọ́, kó tó di pé mo gbọ́wọ́ kúrò, ó ti sọ gbogbo ìtàn ìgbésí ayé ẹ́ńjìnnì yẹn fún mi, máìlì tó ti rìn, gbogbo ẹ̀. Mo padà sórí tiwa, ó dákẹ́ lọ bí òkúta.

Baba_Rewaya_AsaDam

O ṣe é ọmọ mi, o ti ṣe ìdajì iṣẹ́. 46 ni pé iná bátìrì ti lọ sílẹ̀ jù, òun fúnra ẹ̀ ń bẹ̀ yín. 11.3 kì í ṣe bátìrì, ọkọ̀ tó ti dúró lọ́jọ́ mẹ́sàn-án tẹ́ ẹ sì ń jí i tẹ́ ẹ ń pa á. Ẹ yọ gbogbo ẹ̀, ẹ wọn wọ́n ní ìkọ̀ọ̀kan, ẹ má wọn wọ́n ní àpapọ̀, ọ̀kan tó ti kú máa ń fa àwọn tó kù lọ. Ẹ chájì wọn. Láptọ́ọ̀pù tó bá ń kọ nǹkan sínú bréènì lọ́wọ́ tí iná já, ìyẹn gan-an lè wá ba bréènì jẹ́, ìgbà yẹn la máa wá oníbréènì yẹn lọ.

Ṣùgbọ́n bátìrì kọ́ ni ò jẹ́ kó dáhùn, 11.3 ṣì tó fún un láti sọ̀rọ̀. Yí kí, wọn A sí E, wọn B sí E, kó o sọ ohun tó o rí fún mi. A gbọ́dọ̀ ga ju B lọ, nọ́ńbà méjèèjì á sì máa mì díẹ̀ díẹ̀ torí ọ̀rọ̀ ń lọ lórí wọn. Lọ wọn ti bàbá onífreightliner yẹn náà, tí ò bá tíì lé ẹ.

Ó ku ọ̀kan. Géèjì RPM, èyí tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

OmoAlhaji_Gambari

Bàbá, ta ló sọ fún yín? RPM ti kú láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó sùn sórí òdo, dírẹ́bà ní géèjì ló bàjẹ́, a ò kà á sí.

Bátìrì mẹ́rin ni, ọ̀kan ti wú bí búrẹ́dì, a yọ ọ́, mẹ́ta tó kù wà lórí chájà di àárọ̀, 12.6 báyìí. 46 ti kúrò lórí pupa, ó ti bọ́ sórí yẹ́lò. A sí E nínú ọkọ̀ wa: 0.02. Kò mì. Ti bàbá yẹn, A ga, B wà nísàlẹ̀, wọ́n ń mì bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí ẹ ṣe wí.

Baba_Rewaya_AsaDam

Ó tán. A ti kan ara ọkọ̀ níbì kan. Wáyà méjèèjì yẹn, A àti B, wọ́n lọ́ wọn mọ́ra ni, wọ́n sì gba ọ̀dọ̀ bréènì, wọ́n gba ọ̀dọ̀ ABS tó ń ṣọ́ bíréèkì, wọ́n gba ọ̀dọ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù, ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ ń rìn. Ẹnì kan ṣoṣo bá dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó máa kọjá. RPM ti wá kú nítorí pé ibẹ̀ náà ni dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu bréènì. Géèjì ò bàjẹ́. Etí ẹ̀ ló di.

Ẹ tú bátìrì. Fi mítà sórí ohm, ẹnu kan sí A, ẹnu kan sí ara ṣásì. Bó o bá rí ohun tó sún mọ́ òdo, A ti fara kan irin. Wá ọmọ kan kó jókòó ti mítà, ìwọ lọ máa yọ pọ́lọ́ọ̀gì ní ìkọ̀ọ̀kan, ti ABS kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ti dáṣíbọ́ọ̀dù. Nígbàkígbà tí nọ́ńbà bá fò sókè, ohun tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni ọ̀daràn. Má yọ méjì pọ̀ torí ìkánjú.

Kompo_Offa

Kí ẹ tó tú gbogbo ọkọ̀ palẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́yìn dírẹ́bà sókè. Ọ̀pọ̀ tírélà Amẹ́ríkà ìgbà yẹn ló ní àpótí sátẹ́láìtì tí ọ̀gá ọkọ̀ fi ń tọ́pa ẹ̀ lọ́hùn-ún, orí J1708 yìí náà ni wọ́n sì máa ń so ó mọ́ kó lè ka eré àti dísù. Tí wọ́n bá fẹ́ ta ọkọ̀ wọ́n á yọ àpótí wọn. Àwọn kan á yọ pọ́lọ́ọ̀gì, àwọn kan á kàn fi píláyà gé wáyà kù síbẹ̀. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì ní Ọ̀fà níbí, ọ̀kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan wà ní òkè orí, níbi tí wọ́n ń kó aṣọ sí.

OmoAlhaji_Gambari

Alhamdulillahi!!! Kompo Ọ̀fà, Ọlọ́run á fún ẹ lálùbáríkà.

A kọ́kọ́ yọ ABS, mítà ò mira. A yọ dáṣíbọ́ọ̀dù, kò mira. Mo wá rántí ohun tí ẹ kọ, mo gbé bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ò lè gbà gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀, sálúbàtà ẹsẹ̀ kan, páànù ìrẹsì, sítóòfù kékeré kan, ibẹ̀ ni mọ́tò bọ́ọ̀yì ń kó ohun ìdáná ẹ̀ pamọ́ sí láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Sítóòfù yẹn ló ti wáyà méjì kan tí wọ́n lọ́ mọ́ra sẹ́gbẹ̀ẹ́, orí wọn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ọ̀kan sì ti há mọ́ orí bóòtù bẹ́ẹ̀dì. Mo kàn fà á kúrò lára bóòtù ni, ọmọ tó wà nídìí mítà pariwo pé ó ti fò! A dé orí ìkọ̀ọ̀kan ní téèpù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, a so wọ́n mọ́ òkè, a so bátìrì padà. Mo yí kí, mo tẹ connect, ó dáhùn ní ẹ̀ẹ̀kan náà. RPM náà jí.

Ìṣòro tó kù ni ti mẹ́káníìkì wa. Ó ní òun kọ nọ́ńbà orí nọ́sù méjèèjì sára páálí sìgá. Páálí ti wà, ṣùgbọ́n òróró ti bò ó, bóyá 38 ni bóyá 88 ni, èwo ni ti ilé kejì, èwo ni ti ìkarùn-ún, kò rántí. Mo ní mi ò ní kọ ohun tí kò dá a lójú sínú bréènì, a sì tún ṣí ìdérí orí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan sí i, a nu orí nọ́sù, mo fi fóònù ya gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ilé kẹta gan-an tí a ò fọwọ́ kàn, nọ́ńbà tó wà nínú bréènì yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí ẹ̀, ẹnì kan ti pààrọ̀ ẹ̀ rí tí ò sọ fún bréènì, ó lè jẹ́ láti Amẹ́ríkà ló ti ń bọ̀. Mo tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe, mo pa kí, mo dúró díẹ̀, mo jí i.

Ó dúró jẹ́ẹ́. Dírẹ́bà gbé ife omi sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, omi ò dà.

Direba_Jeba

Mọ́tò bọ́ọ̀yì yẹn ńkọ́, ṣé ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́?

OmoAlhaji_Gambari

Ó wà. Òun ló rí fíùsì. Alhaji kàn gba sítóòfù lọ́wọ́ ẹ̀.

Iya_Alagbado

Ẹ kú oríire o. Ọmọ Alhaji, kí ọkọ̀ ti dé Bódè Sáàdú kí wọ́n tó kí ìrun àsùbáà lọ́la. Owó ọkọ̀ tá a jọ sọ tẹ́lẹ̀ náà ni mo máa san o, má wá bá mi sọ̀rọ̀ fíùsì, àpò méjì nínú àgbàdo mi ti hù.